Ẹlẹ́rìí Tí Làmídì Mú Wá

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó mú bírò. Tó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló sọ irú èyí fún mi, màá ní kó lọ fi omi tútù bọ́jú kó padà sùn. Ṣùgbọ́n ojú mi méjèèjì yìí ló ṣe. N kò mutí, ara mi ò sì gbóná. Ohun tó sì jẹ́ kí n gbé e mì ní gbogbo ọdún wọ̀nyí kì í ṣe ẹ̀rù. Ìtìjú ni.

Abúlé àwọn Gbàgyí kan là ń gbé nígbà náà, lẹ́yìn Kugbo, nígbà tí Abuja ṣì jẹ́ eruku pupa àti ariwo katakata. Akọ̀wé ni mo jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé ìjọba. Káfíńtà, bíríkìlà, awakọ̀, gbogbo wa la háyà yàrá lọ́dọ̀ àwọn onílé. Nígbà tí olè ò jẹ́ kí a sùn mọ́, a dá ẹgbẹ́ aṣọ́de sílẹ̀, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní fijilanti. Nítorí pé mo mọ̀wé ni wọ́n ṣe fi mí jẹ olórí. Nítorí pé mo fẹ́ràn àwàdà, kò yẹ kí wọ́n fi mí jẹ ẹ́.

A fi ọpá ọparun gígùn kan dábùú ẹnu ọ̀nà abúlé. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú dáadáa, a ó gbé e kalẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò kọjá láìjẹ́ pé a rí i.

Olè kan ló kọ́kọ́ tàn wá jẹ. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni òun wá kí, a jẹ́ kó wọlé, ó sì palẹ̀ yàrá mẹ́ta mọ́. Níbi ìpàdé tí a ṣe lẹ́yìn náà, Làmídì, káfíńtà ọmọ Ìṣẹ́yìn, dìde. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni tó bá dé lẹ́yìn tí a ti gbé ọpá kalẹ̀, onílé tó gbà á sílé gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde, kó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé e léjìká, kó sì sọ fún wa pé òun mọ̀ ọ́n. Ó ní kódà bó jẹ́ òun. A pàtẹ́wọ́ fún un, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Àmọ́ gbogbo wa la mọ̀ pé àlejò ni òfin yẹn wà fún. A kì í lò ó fún ara wa.

Bàbá Dògo ni onílé Làmídì, àgbàlagbà Gbàgyí kan tó ga bí òpó iná. Kì í sú u láti wá jẹ́rìí sí àlejò àwọn ayálégbé rẹ̀. Yóò wúkọ́ lẹ́ẹ̀méjì, yóò gbé ọwọ́ lé èjìká àlejò, yóò sì wí ní èdè Hausa pé, "Na san shi." Òun mọ̀ ọ́n nìyẹn. Àwa náà yóò ní kó wọlé, ó tán.

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, Bàbá Dògo kú. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sin ín. Èmi àti Làmídì wà lára àwọn tó kó yẹ̀pẹ̀ bò ó.

Ẹ fọkàn sí ibi tí mo ń lọ yìí o.

Kò tíì pé oṣù kan lẹ́yìn náà. Àwa mẹ́rin la wà nídìí ọpá: èmi, Alfa Mùfú ọmọ Ìlọrin tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà, àti àwọn méjì tó fẹ́ lọ yí abúlé ká. Ó tó aago mọ́kànlá. Làmídì yọ láti ọ̀nà Nyanya, ó ń yára, ó há nǹkan kan tí wọ́n fi bébà wé sí abíyá.

Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú bí ẹni tí kò rí i rí. Mo bi í pé ta nìyẹn.

Ó ní, "Ọ̀gá Akọ̀wé, èmi ni. Ara Ràfíù ọmọ mi ò yá. Oògùn rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi."

Mo ní, "Èmi wo? Òfin lòfin, ìwọ lo sì ṣe é. Onílé rẹ ni kó wá gbé ọwọ́ lé ọ léjìká. Lọ pè é wá."

Àwọn yòókù fi ẹ̀rín pa ara wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Bí èmi àti ẹ̀ ṣe máa ń ṣeré nìyẹn. Yóò bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mẹta, ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta màá ní kó máa lọ. Ó bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kan. Ó bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kejì, ó sì gbé bébà náà sókè sí mi. Mo ní ó dà bí ìgò ọtí. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Kò bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kẹta. Ó rọra wí pé, "Ó dáa. Mò ń bọ̀." Ó yí padà sínú òkùnkùn. Mo mọ̀ pé Kugbo ló ń lọ, lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ tó ń sùn sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, kó lè wá jẹ́rìí sí i.

Alfa Mùfú sọ̀rọ̀ sí mi létí pé kí n pè é padà. Mo ní kó fi í sílẹ̀, òun náà ń ṣeré ni. Ká sòótọ́, ẹ̀rín àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ti dùn mọ́ mi jù. N kò fẹ́ kó tíì tán.

Àwọn méjì lọ yí abúlé ká. Alfa fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo orí, ó sùn lọ lórí bẹ́ǹṣì. Èmi ò sùn. Aago ọwọ́ mi ti kọjá ọ̀kan nígbà tí mo gbọ́ ikọ́.

Ẹ̀ẹ̀méjì.

Ewé gbígbẹ ló kún gbogbo ojú ọ̀nà yẹn. Kò sí ọ̀kankan tó dún. Mo tan tọ́ọ̀ṣì. Làmídì ló dúró níwájú ọpá, bébà rẹ̀ lábẹ́ abíyá. Ẹnì kan dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ga, aṣọ funfun ló wà lára rẹ̀, yẹ̀pẹ̀ pupa sì wà létí aṣọ náà.

"Ọ̀gá Akọ̀wé," Làmídì wí, "mo ti mú un wá."

Kò bínú. Ẹ gbà mí gbọ́, ká ní ó bínú ni, ì bá sàn fún mi.

Bàbá Dògo gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé e léjìká. "Na san shi." Ó wá ń wò mí, bó ṣe máa ń wò wá nígbà tó bá ń retí kí a fèsì.

Mo gbé ọpá sókè. Làmídì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òtútù kan sì tẹ̀ lé e. Bàbá ò wọlé. Ó dúró sí ìta bí ẹni tó ń dúró de ẹnì kan. Mo di ojú. Nígbà tí mo là á, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Alfa ti dìde jókòó. Ó bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Akọ̀wé, ta lo gbé ọpá fún?"

Mo ní ajá ni.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí ọ̀gá Làmídì fi dé láti Kugbo. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní ọkọ̀ akẹ́rù kan ti gbá Làmídì lójú títì, kò sì dúró. Awakọ̀ tó bá a nílẹ̀ sọ pé aago méjìlá ò tíì lù tí ẹ̀mí fi bọ́. Kò dé ọ̀dọ̀ òun rárá. Wọn ò sì rí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n ní èmi olórí aṣọ́de ni kí n lọ sọ fún ìyàwó rẹ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni mo dá a padà. Alfa wo ilẹ̀, òun náà ò sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí wọ́n bá fi ẹnu ọ̀nà kan sí níkàáwọ́, ì báà ṣe géètì, ì báà ṣe ọ́fíìsì, mo fi ohun tí ojú mi rí bẹ̀ yín: ẹ má fi ẹni tó ń kánjú lọ sílé ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ò mọ ẹni tí yóò lọ pè wá. N kò mọ̀ bóyá Bàbá Dògo ti dárí jì mí. Títí dòní, bí ẹnì kan bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀méjì lẹ́yìn mi, n kì í bojú wẹ̀yìn.

Nígbà tí mo dé ilé wọn, Ràfíù jókòó sórí ẹní, ó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Ìgò oògùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ jáde sí mi, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ òru o, Bọ̀ọ̀dá Akọ̀wé. Bàbá Ràfíù ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, pé ẹ̀yin lẹ ṣí ọ̀nà fún òun."

Ó ní ọkọ òun ò tilẹ̀ jókòó. Ó fún ọmọ lóògùn, ó ní ẹnì kan ń dúró de òun níta. Ó bi mí pé ṣé mo rí ibi tó gbà, kí òun lè mọ ìgbà tí òun yóò gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀ kaná.

Èmi náà kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ nínú eruku.

Ó wò mí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Akọ̀wé, ẹ̀yin ò tiẹ̀ ní fi àwàdà sílẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù."