Géèmù Tí Màmá Mi Fi Ránṣẹ́

Tí mo bá ti gbóòórùn òjé tó ń yọ́, inú mi á bàjẹ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi gbé ẹ̀rọ géèmù tí màmá mi fi ránṣẹ́ sí mi láti òkè òkun lọ sọ́dọ̀ atúnrẹ̀díòṣe kan ní Ìyànà Ọ̀fà, torí kì í gba dísìkì tí wọ́n ń tà lọ́jà wa.

Ọkùnrin náà ní, "Ẹ jẹ́ ká fi fláàṣì kó géèmù sí i, sà. Tí mo bá fi òjé jó wáyà mọ́ ibi tó ń ka dísìkì, ó lè kú."

Bàbá mi ní, "Jó o."

Èéfín rú, géèmù kú. Mo sunkún, àmọ́ bàbá mi ò bínú rárá. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ yẹn ni màmá mi sọ fún bàbá mi pé òun ò ní padà wálé mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí géèmù kú, màmá mi pè mí lórí fóònù. "Ṣé ò ń gbádùn géèmù ẹ?"

Bàbá mi dúró tì mí.

Mo ní, "Mò ń gbádùn ẹ̀, mà."