Rédíò Olójú Kan

Bí ẹ bá bi bàbá mi, Adégbìtẹ́, pé ọmọ mélòó ló bí, yóò kọ́kọ́ wo àjà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í ní iye rédíò tó wà nílé wa l'Òkè-Àdó, kíá ni yóò dá yín lóhùn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sọ̀rọ̀ mọ́. Itẹ́ òkú rédíò ni màmá mi ń pe pálọ̀ wa, orí wọn là ń gbé abọ́ lé tí a bá fẹ́ jẹun.

Akọ̀wé ni bàbá mi ní ọ́fíìsì kan l'Onírèké. Tó bá ti gba owó oṣù, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹrù àlòkù ní Dùgbẹ̀ ló ń gbà wálé. Ó ní àwo rẹ́kọ́ọ̀dù kan tó jẹ́ pé àkùkọ nìkan ló ń kọ nínú rẹ̀, ó ní òmíràn tí òyìnbó kan ti ń rẹ́rìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹlẹ́rìn-ín yìí ló fi ń lé àlejò tó bá pẹ́ jù. Wòlíì ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà ẹ̀yìnkùlé wa gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan, ó ní ẹ̀mí àìmọ́ ni. Bàbá mi ní rárá, òyìnbó ni.

Rédíò kan ṣoṣo ló ń wá tí kò rí: onígi ńlá, tó ní ojú kan tó máa ń tàn bí ewé tútù. Ìgbà èwe rẹ̀ ló rí i nílé ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, wọn ò ní kó wọlé. Ọ̀rọ̀ rédíò yìí la gbọ́ dàgbà, inú rẹ̀ sì máa ń bí mi. Bí wọ́n bá ní kó fi mí pààrọ̀ rẹ̀, ó dá mi lójú pé yóò kàn béèrè bóyá wáyà iná wà lára rẹ̀ ni.

Ní 1986, ẹbí Wándé, àfẹ́sọ́nà mi, wá tọrọ mi. Ará Oǹdó ni wọ́n, Bódìjà ni wọ́n ń gbé. Ìdílé wa máa ń dá owó orí padà, torí a kì í ta ọmọ. Bàbá mi ló máa ń pariwo rẹ̀ jù. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ kan gba owó orí, ojú agbo ló ti bi í pé, "Ṣé ewúrẹ́ lo tà ni?"

Bàbá Wándé dìde. "Ẹ̀yin àna wa, a gbọ́ pé ẹ kì í gba owó orí. Ohun tí a mú dípò rẹ̀ rèé."

Wọ́n ṣí aṣọ kúrò. Rédíò olójú kan! Abẹ́ àtẹ̀gùn ló wà nílé wọn tí adìyẹ ń yé lé e lórí. Wándé, tí mo ti ro ẹjọ́ bàbá mi fún, ló nù ún mọ́.

Bàbá mi gbá rédíò náà mọ́ra. Kò gbá èmi mọ́ra bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá Dùgbẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, wúkọ́. "Adégbìtẹ́, ohun tó bá dípò owó orí, owó orí náà ni. Dá a padà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, rédíò mà ni."

"Ṣé ewúrẹ́ lo fẹ́ tà ni?"

Lórí ìkúnlẹ̀ tí mo wà, ẹ̀rù bà mí gidi, torí mo fẹ́ mọ ohun tí mo jẹ́ lójú rẹ̀. Ó wo rédíò, ó wò mí, ó tún wo rédíò. Ìyẹn dùn mí. Ó wá gbé e lé bàbá Wándé lọ́wọ́.

"Ẹ gbà. Ọmọ mi kì í ṣe ọjà."

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn obìnrin ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún pé Bódìjà ò jìnnà. Èmi mọ ohun tó ń pa á lẹ́kún.

Lẹ́yìn ìgbéyàwó, bàbá Wándé gbé rédíò náà fún àwa méjèèjì. Ni bàbá mi, tí kì í lọ kí ẹnikẹ́ni, bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá sílé wa ní Bódìjà ní gbogbo Sátidé. Kí n tó kí i tán, ó ti tan rédíò. Mo máa ń ní, "Bàbá, èmi náà wà níbí o."

Nígbà tó yá, ojú rédíò náà kú, ohùn rẹ̀ náà sì kú. Bàbá mi, tó máa ń ti sukudiráfà bọ àpò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ní títún un ṣe kò kán òun lójú. Ó ti tó oṣù mélòó kan báyìí. Ó ṣì ń wá ní Sátidé. Á bọ́ bàtà, á jókòó tì mí, á ní, "Ọmọ́bọ́láńlé, kí lo sè?"