Ọkọ̀ Bàbá Mi Lábẹ́ Báàṣì

Mo kéré gan-an nígbà tí mò ń sọ yìí, n kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, bàbá mi ni ó sì ń fi ọkọ̀ gbé ìyàwó ní àdúgbò wa ní Tokpota. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lè má mọ bí nǹkan ṣe rí láyé ìgbà náà. Ọkọ̀ kò pọ̀ ní Àjàṣẹ́ wa yìí. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wọ ilé ọkọ pẹ̀lú iyì, ọ̀dọ̀ bàbá mi ni yóò wá. Ọkọ̀ náà dúdú bí aró, bí aṣọ tí wọ́n rẹ ní àrẹtúnrẹ. Awọ pupa rúsúrúsú ni wọ́n fi ṣe àga inú rẹ̀, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà níwájú awakọ̀, láti ọ̀tún dé òsì, tó ń dán bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró pa á.

Bàbá mi kì í jẹ́ kí oòrùn ká òun mọ́ ìdí ọkọ̀ fífọ̀. Bó bá ti kírun àárọ̀ tán, á pọn omi sí garawa méjì, ọ̀kan fún ọṣẹ, èkejì fún ṣíṣan aṣọ ìnukọ̀, kí iyanrìn tó bá aṣọ wá má baà padà sára ọkọ̀. Kò jẹ́ fi aṣọ tuntun nù ún. Ìró ìyá mi tó ti gbó, tó ti rọ̀ bí òwú, ni ó ń lò. Bí ẹyẹ bá yàgbẹ́ sí i, kò ní ha á. Á da aṣọ tútù bò ó, á ní sùúrù títí yóò fi rọ̀. Lẹ́yìn náà ni á fi ìda pa gbogbo ara rẹ̀, ní díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni pákó iwájú yẹn, nítorí ọwọ́ mi kéré, ó ń wọ igun tí tirẹ̀ kò lè dé. Bí mo bá ṣe tán, á bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó sábà máa ń sọ pé ọjọ́ tí èmi náà bá ń lọ ilé ọkọ, inú ọkọ̀ yìí ni n óò jókòó sí, òun ni yóò sì wà á.

Ní ọdún kan, lásìkò ọyẹ́, ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa. Nígbà tí wọ́n máa fi gbé e ti ilé ìwòsàn dé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún ti kú pátápátá, ọ̀rọ̀ kò sì jáde lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní ní yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àgbàlá, ṣùgbọ́n bó ṣe dùbúlẹ̀ yẹn, ojú sánmà nìkan ló lè rí. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti lọ sílé ọkọ, ó wá ku èmi àti ìyá mi nílé.

Ó tó oṣù méjì kí a tó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó sọ tó yé wa ni, "Ọkọ̀. Òjò." Ìyá mi kò fi falẹ̀. Ó lọ sí ọjà Ouando, ó ra báàṣì ńlá kan, irú ọ̀rá tó nípọn tí àwọn àgbẹ̀ Avrankou fi ń bo àgbàdo. A fi wé ọkọ̀ náà yíká, a fi okùn dè é pinpin. A lọ sọ fún Bàbá pé a ti bò ó. Kò bèèrè ohun tí a fi bò ó, àwa náà kò sì sọ. Inú wa dùn lọ́jọ́ náà. A rò pé a ti ṣe ohun tó yẹ.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti iléèwé dé, tí mo jókòó sẹ́sẹ̀ ẹní rẹ̀, á bi mí pé, "Ó ń dán?" Èmi náà á ní ó ń dán. Ní ìbẹ̀rẹ̀, irọ́ kọ́ ni. Mo máa ń gbé etí báàṣì sókè wò.

Nígbà tí òjò wá dé, ó rọ̀ bí ẹni pé kò ní dá mọ́, n kò sì wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ọjọ́ tí mo padà ṣí i, ooru ló kọ́kọ́ rọ́ lù mí lójú. Ọ̀dà ara ọkọ̀ náà ti funfun bí ojú tí awọ bò. Ó wú káàkiri bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà sí. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbo báàṣì mọ́ ọn, eruku ti ha á wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Mo ṣí ilẹ̀kùn. Èébu ti hu bí irun sórí àga, awọ náà sì ń ṣí bí mo ṣe fọwọ́ kàn án. Pákó iwájú ti wú, dídán orí rẹ̀ ń bó bí èèpo àlùbọ́sà. Mo mú aṣọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. Bí mo ṣe ń nù ún ni àwọn ibi tó wú ń bẹ́, tí ìpẹtà ń yọjú lábẹ́ wọn. Mo yára fa báàṣì bò ó padà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó bi mí bó ṣe máa ń ṣe, mo sì dáhùn pé, "Ó ń dán, Bàbá."

Mo sọ fún ìyá mi. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló ní n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí Bàbá gbọ́, pé ọkọ̀ yẹn ló dì í mú láyé. Òótọ́ sì ni. Bàbá ti ń gbìyànjú láti dìde nígbà náà. Á di ògiri tó wà lódìkejì fèrèsé mú, á dúró díẹ̀, òógùn á bò ó, á sì tún jókòó. Lójoojúmọ́ ló ń ṣe é. Lójoojúmọ́ ni èmi náà ń parọ́.

Ìyá mi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ Bàbá kan ní Ouando tó ń kun ọkọ̀. Ọkùnrin náà wá, ó fi ìka tẹ ara ọkọ̀ náà níhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, ó sì mi orí.

"Ìyàwó wa," ó rọra ní, "ìda kò lè wo èyí sàn. Ẹ dì í nímú ni. Omi tó wà lábẹ́ ọ̀rá kò rọ́nà jáde. Àfi kí a ha á dé irin, n kò sì mọ ibi tí mo ti lè rí irú ọ̀dà aláró yìí mọ́."

Ìyá mi sunkún. Àánú ṣe ọkùnrin náà. Ó ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí fèrèsé sàn díẹ̀, pé òun á gbìyànjú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é. Ó fi bébà oníyanrìn àti omi fá a, ó po ọ̀dà tó jọ ti àtijọ́, ó sì fi ìda dán an. Èmi ni mò ń bá a fọ aṣọ. Nígbà tó ṣe tán, ẹni tó bá dúró ní fèrèsé á búra pé kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀ náà.

A gbé Bàbá sórí àga, a sún un mọ́ fèrèsé. Èmi, ìyá mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ bọ́ sí àgbàlá, a sì fa báàṣì kúrò. Ó wò ó pẹ́. Ẹ̀rín bọ́ sí ìdajì ojú rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ òsì sókè, ó fi ìka yí afẹ́fẹ́ po. Ó fẹ́ kí a yí ọkọ̀ náà padà kí òun rí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ìyá mi sọ pé bátìrì ti kú.

Bàbá ní, "Ẹ tì í."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Ìyá mi di etí ìró rẹ̀ mú. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò mira. Bàbá wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan títí ojú rẹ̀ fi kàn mí.

"Ìyá mi," ó ní, bó ṣe máa ń pè mí, "láti ìgbà wo?"

Mo fa etí báàṣì tó wà lọ́wọ́ mi mọ́ra.

Kò bá wa wí. Ó kàn ní kí a má bo ọkọ̀ náà mọ́, òjò sì ń rọ̀ sí i lójú rẹ̀. Kò bi mí mọ́ bóyá ó ń dán, kò sì di ògiri mú mọ́. Kí ọyẹ́ kejì tó parí, Bàbá ti jáde láyé. Ẹnì kan tó ń ra irin wá wọ́ ọkọ̀ náà lọ sí Avrankou. Nígbà tó kàn mí láti lọ ilé ọkọ, takisí ni mo wọ̀.

Ayé ti yí padà. Bí mo bá jókòó níwájú ilé mi lónìí, mò ń rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi ẹ̀rọ tu omi sí ọkọ̀, tí wọ́n ń fọ́n nǹkan sí i, tí yóò sì dán kí n tó mu tíì mi tán. Aṣọ tí wọ́n fi ń bo ọkọ̀ nísinsìnyí ń jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan wà tó ń wo àwọ̀ ọkọ̀, tó sì ń po irú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọmọ ọmọ mi sọ fún mi pé ta ni kò mọ̀ pé ọ̀rá kì í gbé ara ọkọ̀ lákòókò òjò.

Ẹnì kan mọ̀ ọ́n láyé ìgbà yẹn náà. Orí ẹní ló wà, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí ọkọ̀ náà lọ, ó sì ní ẹnu tó lè fi sọ fún wa. A kò bi í. Gbogbo ohun tí a ń sọ fún un ni pé kó fọkàn balẹ̀.