Ọwọ́ Alhájà Nínú Ọkọ̀ Àrẹ̀mú

Bí ẹ bá dárúkọ olóògbé Alhájà Mùtíátù, ẹlẹ́ja yíyan Ìsàlẹ̀ Gángan, létí ọ̀sà, ọjọ́ tó jókòó sínú ọkọ̀ Àrẹ̀mú ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Àrẹ̀mú apẹja kó èpìyà wẹ́wẹ́ dé, àwọn ẹja náà ṣì ń jà ràpàràpà nínú omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ọkùnrin kan tó ń lọ ẹja mọ́ oúnjẹ adìyẹ ti la ẹnu àpò sílẹ̀. Ni Alhájà bá gbé gbogbo ara wọnú ọkọ̀. Obìnrin tí kò mọ omi í wẹ̀ o!

"Alhájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀! Ọkọ̀ ti ń fẹ̀gbẹ́!"

"Kó fẹ̀gbẹ́. Dá àwọn ọmọ yìí padà."

"Ẹja ni wọ́n, Alhájà!"

"Tí o bá kó wọn tán báyìí, kí lo máa pa lọ́dún tó ń bọ̀? Ọ̀pọ̀lọ́?"

"Madam, abeg, motor dey wait me!" ni alápò ń pariwo.

Omi ń ya wọlé. Ó dé kókósẹ̀ Alhájà, ó gun ojúgun. Gbogbo wa tó wà létí ọ̀sà figbe ta. Alhájà ń ka kálímà, ṣùgbọ́n kò dìde. Kí ọkọ̀ má bàa rì, àfi kí Àrẹ̀mú gbọ́n omi. Bó ṣe ń gbọ́n omi ni ẹja ń bá omi lọ. Nígbà tí ọkọ̀ máa fi dúró ire, ẹyọ ẹja kan kò kù níbẹ̀.

Alhájà nu ojú. "Ṣé o rí i pé kò le?"

Ọwọ́ rẹ̀ ni òṣùwọ̀n. Ẹja tí kò bá gùn tó o, láti ọrùn ọwọ́ dé ṣóńṣó ìka àárín, kò ní rà á. Ìyábọ̀ tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fa ẹja kan nírù títí, bóyá á gùn sí i kí Alhájà lè rà á. Alhájà ní, "Tó o bá ṣe tán, wá fa èmi náà, mo kúrú."

Lọ́jọ́ tí Àrẹ̀mú kun ọkọ̀, Alhájà tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ọ̀dà tútù. Inú bí Àrẹ̀mú.

"Ẹ ti ba ọkọ̀ mi jẹ́!"

"Kó o má baà sọ pé o ò rí mi lójú omi."

Alhájà jáde láyé lẹ́yìn ààwẹ̀ tó kọjá. Àárò rẹ̀ ń sọ wá, ká má parọ́. Àrẹ̀mú ti tún ọkọ̀ kùn, ṣùgbọ́n kò kan ojú àmì ọwọ́ Alhájà. Lánàá, lójú omi, ó gbé èpìyà kan lé àmì ọwọ́ náà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sí ẹnikẹ́ni.

"Alhájà, ìdajì ìka péré ló kù."

 Lẹ́yìn náà ló rọra dá ẹja náà padà sómi.