Omi Tútù Aláwọ̀ Mẹ́ta tí Yèyé Mi Mu

Ojú èmi fúnra mi ló rí i o. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, mi ò sì wò ó nínú fóònù bí àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí. Inú ilé ìdáná tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́, ní Ìkọ̀lé, lórí ilẹ̀ tí mo fi owó ara mi rà, níbẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bíríkìlà, ṣùgbọ́n ẹ béèrè láti Ìkọ̀lé dé Ìdó, kò sí ògiri tí mo mọ tó wọ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tọ́ báyẹn, ojú rẹ̀ náà kì í wọ́.

Mo rántí pé ọdún tó ṣẹlẹ̀ náà ni mo lọ gbé yèyé mi wá láti Ìsàn. Obìnrin tó ń ru ẹrù iṣu tí ọkùnrin méjì gbọ́dọ̀ pawọ́ pọ̀ gbé rù ú, ó wá di ẹni tí kì í jẹ, tí kì í mu. Bí a bá gbé ògì dé iwájú rẹ̀, á yí ojú sí ògiri. Omi lásán gan-an, ó ní ó ń korò lẹ́nu òun. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní Ìdó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní bí kò bá bẹ̀rẹ̀ sí í mu nǹkan, kí n máa múra sílẹ̀. Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọmú tèmi wà nílẹ̀, ó kún, yèyé mi ló kọ̀ tí kò mu. Èmi tí mo ń pàṣẹ fún lébìrà rẹpẹtẹ, mi ò lè pàṣẹ kí arúgbó kan gbé omi mì.

Mo ní ayálégbé kan nígbà náà, ọmọbìnrin Abẹ́òkúta kan tó ń kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn ń ta bí ata, mo bá a ní ilé ìdáná, ó ń fi ìjábẹ̀ tuntun lu nǹkan aláwọ̀ ewé nínú abọ́.

"Àgbo ibà lò ń pò un ni?"

"Rárá o, Dádì. Máṣà ni. Ewé tíì ni, àwọn ará Japáànù ló ń lọ̀ ọ́ kúnná báyìí. Ìgbálẹ̀ kékeré tí wọ́n fi oparun ṣe ni wọ́n fi ń lù ú. N ò rí i rà, ni mo bá mú ìjábẹ̀."

"Ìjábẹ̀ ọbẹ̀ ni ẹ wá fi ń po tíì ní yunifásítì?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Dádì, ẹ dúró kẹ́ ẹ wò ó ná."

Mo dúró. Omi lílọ́wọ́wọ́ ló fi lu ìyẹ̀fun náà títí tó fi ń hó bí ọṣẹ. Ó ti gún máńgòrò pípọ́n sílẹ̀, ó sì ti se ewé efinrin mọ́ oyin, ó sẹ́ ẹ. Ó da máńgòrò sí ìsàlẹ̀ gíláàsì, ó bu omi efinrin lé e, ó kó yìnyín sí i, ó rọra da mílíìkì. Lẹ́yìn náà ló dojú ṣíbí dé, ó ń da máṣà sí ẹ̀yìn ṣíbí náà díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbọ́ mi o! Pupa bíi pupa inú ẹyin wà nísàlẹ̀, funfun wà láàárín, àwọ̀ ewé wà lókè, ọ̀kan kò sì wọ inú èkejì. Láti kékeré ni mo ti ń po sìmẹ́ńtì, mo mọ̀ pé ohun tí omi bá ti kàn, yóò dà pọ̀ ni. Èyí dúró ní ìpele ìpele bí búlọ́ọ̀kù tí èmi fúnra mi tò, láìsí sìmẹ́ńtì láàárín wọn. Ẹnu mi là, kò padà dé. Ohun tá ò rí rí, ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀ ni.

Mo ní kó fún mi kí n gbé e lọ fún yèyé. Àbúrò mi obìnrin, tó jẹ́ díákónẹ́ẹ̀sì ní ìjọ wọn, tó wá ń tọ́jú yèyé, ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, yìnyín fún arúgbó? Ṣé òtútù lẹ fẹ́ fi pa á ni?" Ó gbóòórùn efinrin. "Àgbo mà ni! Ta ló ń mu àgbo ní tútù?"

Mi ò tíì dáhùn tó ti gba gíláàsì, tó dà á sínú ìkòkò, tó gbé e kaná. Lóòótọ́, lọ́dọ̀ tiwa, ohunkóhun tó bá ti ní ewé nínú, lílọ́wọ́wọ́ là ń fún àgbà. Mílíìkì náà dì ní kóró-kóró, àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di omi ẹrẹ̀. Yèyé tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ó tu ú dànù.

"Ẹ jẹ́ kí n máa lọ," ló wí, ó sì kọjú sí ògiri.

Mo jókòó sílẹ̀. Ayálégbé mi, tó dúró lẹ́yìn wa, ti rí gbogbo rẹ̀. Ó padà lọ po òmíràn. Nígbà tó gbé e dé, àbúrò mi tún nawọ́. Mo ní, "Díákónẹ́ẹ̀sì, jókòó. Ilé mi rè é." Ẹni tó bá gbé ohun mímu fún àgbà ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, nítorí náà mo gba gíláàsì náà, mo gbé e sẹ́nu bí akọni. Ó korò díẹ̀ bí ewé, ó dùn bí máńgòrò, efinrin gun imú mi, òtútù sì wọ inú eyín mi débi pé mo figbe ta.

Ni mo bá gbọ́ ẹ̀rín. Yèyé mi ti yíjú padà.

"Ọkùnrin ogun! Tíì ló pa ọ́ lẹ́kún un? Gbé e wá fún mi."

Ó mu ún. Mo ń wo ọ̀fun rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò, mi ò mí. Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló bá a di gíláàsì mú. Nígbà tó kù díẹ̀ nísàlẹ̀, yèyé wo ọmọbìnrin náà, ó ní, "Kú uṣẹ́ o, ọmọ mi. Ó dà bí ẹni pé òjò ń rọ̀ nínú mi."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń mu nǹkan. Nígbà tí máńgòrò tán, ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni ọmọbìnrin náà ń gún, pẹ̀lú koríko ọba dípò efinrin. Yèyé bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ògì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó rí òpin òjò. Ó rí ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́. Ó sùn ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kò jí.

Títí di òní, mo ṣì ń kọ́lé, ògiri mi ṣì tọ́. Nígbà mìíràn tí mo bá ń po sìmẹ́ńtì, mo máa ń rántí ohun tó dúró ní ìpele ìpele tí kò dà pọ̀, ọwọ́ mi á dúró díẹ̀. Bí ẹ bá ní kí n ka ohun tí mo pàdánù lọ́dún náà: ìyá kan. Kan ṣoṣo náà ni mo ní.