Òkúta tí Bàbá Àgbà Pè ní Ẹyin

Sátidé tí ẹyin fọ́ dígí nílé wa ní Ṣàgámù ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láé.

Bùọ̀dá Wásíù, àbúrò bàbá mi, fẹ́ máa sin ẹja òkun nínú àpótí dígí ní pálọ̀. Wọ́n fọ òkúta tí ẹja yóò máa sá pamọ́ sí, wọ́n ní kí n fi ṣọ́ọ̀kì kọ "ẹ̀yìn" sára àwọn ńláńlá, nítorí ìsàlẹ̀, lápá ẹ̀yìn, ni wọ́n ń gbé e sí kó má baà wó. Mo kọ EYIN. Ta ló ráyè fi àmì ohùn sí òkúta?

Bùọ̀dá lọ gba ẹja ní Intaṣéńjì, oríta ńlá ìlú wa. Ni Bàbá Àgbà, tí irun wọn ti funfun sídìí iṣẹ́ obì dídì, bá ní àwọn á bá a tò ó. Wọ́n ka ohun tí mo kọ.

"Ẹyin! Ṣé ìsàlẹ̀ ẹrù ni wọ́n ń fi ẹyin sí?"

"Bàbá, ẹ̀yìn ni..."

"Dákẹ́! Ta ló ń di ẹrù nílé yìí?"

Wọ́n kó wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀, wọ́n gbé ńláńlá lé e lórí. Bí Bùọ̀dá ṣe gbé ẹja wọlé báyìí, òkúta wó, gbàgà! Dígí sán láti òkè délẹ̀.

Bàbá yíjú sí mi. "Ẹyin rẹ mà le o!"

Inú bàsíà ìfọṣọ ni ẹja wà di òní. Olùkọ́ wa, mo ti fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ inú àròkọ yìí. Bí ẹ bá rí èyí tí mo fò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e fún Bàbá kà.