Bàtà Mi Lórí Àjà

Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé bàtà awọ tí omi ti wọ̀ sún mọ́ iná, mo ní ọ̀rọ̀ láti bá a sọ, ọ̀rọ̀ náà kò sì ní dùn. Mo ti bá àwọn ọ̀rẹ́ mi jà nítorí rẹ̀, mo ti bá àwọn ọmọ mi jà. Mo ti dúró lójú títì rí, mo sì bá ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí wí, nítorí pé ó tẹ́ bàtà rẹ̀ tí ó tutù sórí irin ọkọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Awọ kì í ṣe aṣọ. Bí omi bá wọ inú rẹ̀, ńṣe ni ó yẹ kí a jẹ́ kí omi náà máa jáde díẹ̀díẹ̀, nínú ibòji, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹni tí ó bá fi iná lé omi jáde yóò lé ọ̀rá inú awọ jáde pẹ̀lú rẹ̀, ohun tí yóò sì ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́ kò ní sàn ju èèpo igi lọ.

Mo mọ̀ pé ìbínú yìí tóbi ju bàtà lọ. Kì í ṣe àná ni ó bẹ̀rẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1950, olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé ìjọ kan ní Ìkẹ́rẹ́. N kò tíì lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, wọ́n sì gbà mí kí n máa kọ́ kíláàsì kẹta ní ìṣirò. Ẹni tí ó bá wà ní ipò mi nígbà náà, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó lè gbà dé kọ́lẹ́ẹ̀jì: aláyẹ̀wò ilé-ìwé gbọ́dọ̀ jókòó sẹ́yìn kíláàsì rẹ̀, kí ó gbọ́ bí ó ṣe ń kọ́ni, kí ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni aláyẹ̀wò máa ń wá. Ẹni tí kò bá rí i lọ́dún yìí, ó di ẹ̀yìn ọdún kan.

Ọ̀gá ilé-ìwé wa tún fi òfin tirẹ̀ kún un. Ó ní olùkọ́ tí kò bá wọ bàtà awọ tí ó ń dán kò gbọdọ̀ dúró níwájú aláyẹ̀wò ní ilé-ìwé tòun. N kò rí òfin yìí nínú ìwé kankan, mo sì ti wá a dáadáa láti ìgbà náà. Lọ́jọ́ Ẹtì, bí a bá ti kọrin ìparí tán, yóò tò wá sójú kan bí àwọn ọmọ tí a fẹ́ wo èékánná wọn, yóò sì máa wo ẹsẹ̀ wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bàtà kan ṣoṣo ni mo ní. Búráùn ni, olókùn. Bàbá mi ni ó rà á fún mi ní Àkúrẹ́ lẹ́yìn tí ó ta kòkó. Òun fúnra rẹ̀ kò wọ bàtà awọ rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi àtàńpàkò tẹ iwájú bàtà náà nínú ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì wí fún ẹni tí ń tà á pé, "Èyí ò ní já mi kulẹ̀."

Bí mo ṣe ń tọ́jú rẹ̀ nìyí. Ní òwúrọ̀ Sátidé, mo máa ń tú okùn rẹ̀ kúrò, mo sì máa ń fọ okùn náà lọ́tọ̀. Bí ẹrẹ̀ bá wà lára bàtà, n kì í fọwọ́ kàn án títí yóò fi gbẹ, nítorí pé ẹrẹ̀ tútù tí a bá nù, inú ojú rírán ni yóò wọ̀ sí. Bí ó bá gbẹ, màá fi búrọ́ọ̀ṣì líle gbọ̀n ọ́n, màá fi àkísà tí mo ti fún omi rẹ̀ tán nù ún, màá sì ki ìwé pélébé tí a ti lò mọ́ inú rẹ̀ kí iwájú rẹ̀ má baà wó. Ẹ̀yìn ilé tí mo ń gbé ni ibòji òkè Olósùnta máa ń bò láàárọ̀. Ibẹ̀ ni màá gbé e sí. Lẹ́yìn náà ni pólíìṣì yóò tó kàn, ìba táṣẹ́rẹ́, pẹ̀lú àkísà tí mo wé mọ́ ìka méjì. Màá dúró kí ó wọra. Màá wá fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ nù ún kí ó dán. Iṣẹ́ wákàtí kan ni. Àwọn tí a jọ ń gbélé máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ń wẹ̀ fún bàtà ju bí mo ṣe ń wẹ̀ fún ara mi lọ.

Ní ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ìsinmi bọ́ sí ìgbà òjò. Mo lọ sílé wa ní Ìsẹ̀, mo sì tẹ̀lé bàbá mi lọ sí abà láti ràn án lọ́wọ́ nínú oko kòkó. Ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Bàtà kò ní iṣẹ́ tí yóò ṣe lábà, nítorí náà mo fi í sínú àpótí mi nílé. Òjò ti pa á díẹ̀ lọ́nà, kò sì tíì gbẹ tán tí mo fi ti àpótí mọ́ ọn. Èmi tí mo mọ gbogbo ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ sílẹ̀ yìí ni mo ṣe é, nítorí pé bàbá mi ti gbé àdá rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì ń pè mí. Mo fún ìyá mi ní kọ́kọ́rọ́. Mo ní, "Yèyé, ẹ bá mi máa wo bàtà mi. Ẹ ṣáà rí i pé ó gbẹ."

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

A dé láti abà ní ọ̀sán Sátidé kan. Lọ́jọ́ Ajé ni ilé-ìwé yóò wọlé, ọjọ́ náà gan-an ni aláyẹ̀wò yóò sì wá. Mo wẹ̀, mo ṣí àpótí, n kò bá nǹkan kan nínú rẹ̀ àfi pólíìṣì àti búrọ́ọ̀ṣì.

"Yèyé, bàtà mi dà?"

Inú ilé ìdáná ni ìyá mi wà pẹ̀lú ìyàwó àbúrò bàbá mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì na ọwọ́ sókè sí àjà, ìyẹn pẹpẹ tí a fi igi tẹ́ sókè ààrò. "Tísà mi, ó wà lókè. Òjò ò rí i mú."

Mo gòkè. Láàárín àgbàdo irúgbìn tí a so ní méjì méjì ni mo ti bá wọn. Èéfín ti sọ wọ́n di dúdú. Iwájú wọn ti ká sókè, ẹ̀gbẹ́ wọn ti ya yẹ́ẹ́yẹ̀ẹ́yẹ́ bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún sì ti là kúrò lára awọ láti iwájú. Mo tẹ ọ̀kan. Ó dún.

"Nígbà tí mo ṣí àpótí, ó ti bu," ni ìyá mi ń sọ láti ìsàlẹ̀. "Funfun gbò ni, bí uṣu tí wọ́n gbàgbé. Mo ní héè, kí ni ọmọ mi á wọ̀ lọ síbi uṣẹ́? Mo nù ún. Mo fi àdín pa á. Mo gbé e sókè uná. Ojoojúmọ́ ni mò ń yí i padà, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì."

Ìyàwó àbúrò bàbá mi wo bàtà tí mo gbé sọ̀ kalẹ̀. "Ó mà pọ́n dáadáa o, Tísà. Iyọ̀ ló kù."

Bàbá mi yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ rọra o. Bí ó bá bọ́ sáàárín irúgbìn, a ó gbìn ín mọ́ àgbàdo."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ìyá mi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí pé kò tíì mọ̀ pé ohun kan bàjẹ́. Ẹ̀rín rẹ̀ yẹn ni ó fa ìbínú mi yọ. Mo sọ bàtà mọ́lẹ̀. Mo ní, "Ẹ kò mọ nǹkan kan! Ohun tí ẹ kò bá mọ̀, ṣé ẹ kò lè fi í sílẹ̀ ni? Ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun tí ó bá jẹ́ tèmi mọ́!"

Ìyàwó àbúrò bàbá mi gbé igbá rẹ̀, ó sì jáde.

"Ìyá rẹ nìyẹn," ni bàbá mi wí. Kò pariwo.

Ìyá mi tẹ̀ba, ó gbé bàtà méjèèjì, ó tò wọ́n papọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. "O ní kí n rí i pé ó gbẹ," ni ó wí. "Ó gbẹ."

Ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tí ilé wa kò fẹ́ kí òjò gbà lọ́wọ́ wa, orí àjà yẹn ni ó máa ń wà: àgbàdo tí a ó gbìn, ẹ̀gúsí, awọ ìgalà tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ìwé ìrìbọmi mi pàápàá wà nínú agolo níbẹ̀, kò sì bu títí di òní. Ìyá mi kò kàn ju bàtà mi síbi kan ṣá. Ibi tí ó níyì jùlọ nínú ilé ni ó gbé e sí. Mo mọ èyí lọ́jọ́ náà, bí mo ti ń pariwo lọ́wọ́ ni mo mọ̀ ọ́n, n kò sì dákẹ́.

Gbogbo ọjọ́ kejì, ọjọ́ Ìsinmi, ni mo fi ń wá bí bàtà náà yóò ṣe rọ̀. Mo fi àkísà tútù wé e, mo fi pólíìṣì kún ojú yíya rẹ̀, mo fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ di àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀. N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ìrọ̀lẹ́ mo wọ ọkọ̀ akẹ́rù padà sí Ìkẹ́rẹ́. Ìyá mi kò sin mí dé ojú ọ̀nà bí ó ti máa ń ṣe.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kí n tó dé àárín pápá ilé-ìwé, okùn náà já.

"Kí ni o wọ̀ sẹ́sẹ̀ yẹn?" Ọ̀gá ti dúró dè wá, àwọn ọmọ sì ti tò sẹ́yìn rẹ̀.

"Bàtà ni, sà."

"Bàtà? Ó ń yanu sí mi! Lọ fún un lóúnjẹ." Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ kíláàsì mi wà lára wọn. Ó jẹ́ kí wọ́n rín in tẹ́rùn kí ó tó wí pé, "O kò ní dójú ti ilé-ìwé yìí lónìí. Kó àwọn ọmọ kíláàsì kìíní lọ sí oko ilé-ìwé, kí ẹ máa roko títí àlejò yóò fi lọ."

"Sà, ìṣirò kíláàsì kẹta—"

"Ẹlòmíràn á kọ́ wọn."

Mo lọ. Mo bọ́ bàtà lábẹ́ igi ọsàn ní etí oko, mo sì gba ọkọ́. Nígbà tí oòrùn gòkè díẹ̀, mo rí ọkùnrin kan tí ń bọ̀ láti ọ̀nà Ìgbàrà-Odò. Ọkọ̀ rẹ̀ ti rì sínú ẹrẹ̀. Ó ti ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ẹsẹ̀ lásán ni ó sì fi wọ inú ọgbà ilé-ìwé. Mo rí Ọ̀gá tí ó sáré jáde. Mo rí i tí ó ń tẹríba fún ẹsẹ̀ lásán náà. Aláyẹ̀wò rẹ́rìn-ín, ó ṣan ẹrẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ níbi ìkòkò omi, ó sì wọ inú kíláàsì mi lọ bẹ́ẹ̀, láìwọ bàtà padà.

Bí n bá ju ọkọ́ sílẹ̀ nígbà náà, ìṣísẹ̀ mi kò ní tó igba kí n tó dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì mi. Ẹsẹ̀ lásán kan kò ní yàtọ̀ sí èkejì. Mo dúró sáàárín ebè, mo ń gbọ́ ohùn ẹlòmíràn tí ó ń ka ìṣirò ìlọ́po tí mo ti fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọ́ àwọn ọmọ náà, mo sì ń roko. Olùkọ́ kan sọ fún mi lẹ́yìn náà pé aláyẹ̀wò béèrè ẹni tí ó ni kíláàsì yẹn, Ọ̀gá sì dáhùn pé ara mi kò yá.

Odidi ọdún kan ni ó gbà kí n tó rí aláyẹ̀wò náà. Bàtà tí mo yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni mo wọ̀ lọ́jọ́ náà. Kò wo ẹsẹ̀ mi rárá. Ìwé tí mo kọ ẹ̀kọ́ sí ni ó wò. Ó kọ orúkọ mi sílẹ̀, mo sì lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Nígbà ìsinmi àkọ́kọ́ láti kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo wá sílé ní Ìsẹ̀ pẹ̀lú bàtà tuntun, dúdú. Mo bọ́ ọ sí etí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì lọ kí àwọn àgbà àdúgbò. Òjò ńlá ká mi mọ́ ibẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, ìyá mi wà lórí àpótí ìjókòó rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀gúsí. Bàtà mi kò jìnnà sí i ju ibi tí ọwọ́ lè tó lọ. Omi etí òrùlé ń ṣàn sínú rẹ̀, ó ti kún.

"Yèyé, ẹ kò rí bàtà yìí ni?"

"Mo rí i." Kò gbójú sókè. "Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń wò ó. O ní kí n má fọwọ́ kan ohunkóhun tí ó bá jẹ́ tìrẹ."

Kò sí ẹ̀gàn nínú ohùn rẹ̀. Òfin ni ó ń pa mọ́, bí mo ṣe ń pa ti Ọ̀gá mọ́ láàárín ebè. Mo fẹ́ sọ pé kì í ṣe òun ni ó yẹ kí n bá wí lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n bàtà ni mo gbé, mo da omi rẹ̀ nù, mo tú okùn rẹ̀, mo sì lọ wá ìwé pélébé tí n ó kì bọ̀ ọ́. Ilé ìdáná ni mo ní láti gbà kọjá dé ẹ̀yìn ilé. Iná wà nínú ààrò. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ògiri tí ó jìnnà sí i jùlọ, bí ẹni tí ń gbé ọmọ tuntun kọjá, mo sì mọ̀ pé ìyá mi ń wò mí láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí mo fi jáde.